Àwa Tí A Ń Rán Bàtà Fún Àwọn Tó Ń Jó Lórí Ìka Ẹsẹ̀

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí àwa àgbà kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀, kí wọ́n lè fi mọ ọ̀nà tí wọn yóò tọ̀, mo mọ̀ pé èmi kọ́ ló wà lọ́kàn wọn. Bàbá tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ epo ni wọ́n ń wá, tàbí ìyá tó di máníjà ní báǹkì, nítorí epo àti báǹkì ló kó ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá wá sí Port Harcourt yìí. Èmi, bàtà ni mo rán jẹun. Bàtà náà kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn lè wọ̀ lọ sí Oil Mill Market. Ẹ fi ẹ̀rín yín pa mọ́ ná, ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ọdún 1999 ni wọ́n gbé ọkọ mi, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, láti Ìbàdàn wá síbí. A gba yàrá méjì ní D-Line, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí oníbàárà. Ní òdìkejì títì, lókè ilé kan tí wọ́n ti ń ta táìlì, mo máa ń gbọ́ dùùrù láràárọ̀, ẹsẹ̀ á sì máa ró gbì, gbì, gbì. Mo rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Nígbà tó di ọjọ́ kan, mo ní kí n lọ wo irú ìjọ tó ń pàdé lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe àmín níbẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn lọ, mo yọjú.

Obìnrin kan ló dúró láàárín gbọ̀ngàn náà. Ó ga, ọrùn rẹ̀ gùn, á tó ẹni ogójì ọdún. Ó na apá, ó mí sínú, ó sì dìde. Kò fò o. Ó dìde lórí ṣóńṣó ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó tún wá ń rìn kiri bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún. Ìka ẹsẹ̀ tí èmi mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn kò wúlò ju kí á fi kọ òkúta lọ. Ẹnu mi là sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, inú mi dùn, omi bọ́ lójú mi, n kò sì mọ èwo nínú wọn ló kọ́kọ́ dé. Mo ti kọjá ọgọ́ta ọdún báyìí, mo ti rí i láìmọye ìgbà, ẹ̀rù náà kò tíì lọ.

Madam Ibiso ni obìnrin náà, ọmọ Kalabari. Ó ti kọ́ ijó balẹ́ẹ̀tì lókè òkun, ó ti jó o níbẹ̀ títí ó fi sú u láti máa jẹ́ àlejò, ó sì padà wá dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ níbí. Àwọn ará D-Line ń pe ẹgbẹ́ náà ní “Ibiso people.” Oníjó mẹ́jọ péré ni wọ́n nígbà náà. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, sìmẹ́ńtì a sì máa ba eékún oníjó jẹ́, nítorí náà wọ́n to táyà àlòkù sílẹ̀, wọ́n kan pákó lé e lórí, ilẹ̀ náà wá ń rọ̀ díẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá balẹ̀. Ọ̀dọ̀ agẹrun kan tó ń kó kúrò ládùúgbò ni wọ́n ti ra dígí ara ògiri. Orí táyà àlòkù ni ẹgbẹ́ tí àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn. Síkẹ́ẹ̀tì oníjó kan ya lójú mi, mo bá wọn rán an, wọ́n ní kí n padà wá lọ́la. Owó oṣù wọn ń bọ́ni, kì í sọni di olówó. Ẹ jẹ́ kí á kọjá níbẹ̀.

Ẹni tó sọ mí di ohun tí mo dà ni Ọ̀gá Nnanna. Ará Aba ni, ó sì ti ń ṣe bàtà ọkùnrin láti ìgbà èwe rẹ̀. Ohun tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa ni pé bàtà pọ́ìntì, èyí tí wọ́n fi ń dúró lórí ìka, òkè òkun ni Madam ti ń kó o wá, àmọ́ bó bá ti dé Port Harcourt tí òjò bẹ̀rẹ̀, ṣe ló máa ń rọ̀ bí àkàrà inú omi. Madam gbé ọ̀kan tó ti bàjẹ́ fún Ọ̀gá. Ọ̀gá fi ọjọ́ méjì tú u ká láìsọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní, “Madam, na paper and pap dem take make this thing o.”

Òótọ́ ló sọ. Ẹ fọwọ́ kan orí bàtà pọ́ìntì, ẹ ó rò pé igi ni. Kò sí igi níbẹ̀. Aṣọ àpò, bébà àti gọ́ọ̀mù ni, tí a tẹ̀ léra wọn, tí a fi òòlù lù, tí a sì gbé gbẹ. Sátínì la fi bò ó lókè, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti awọ ló wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Odidi èèyàn ń gbé ara rẹ̀ lé bébà àti gọ́ọ̀mù, ó sì ń yí lórí rẹ̀ bí òkòtó. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń ṣe ọ̀kan. Bí oníjó bá jó o lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti kú. Ẹni tí kò bá lè ṣe nǹkan tó dára fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kó má ṣe iṣẹ́ yìí.

Ọ̀gá ní òun ń fẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, Madam sì tì mí sí i. Mo rò pé abẹ́rẹ́ ló máa kọ́kọ́ fún mi. Bẹ́ǹṣì ló fún mi. “Sit down dey look leg,” ó wí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó wo ẹsẹ̀. Ọkọ mi bi mí níwájú àwọn àlejò rẹ̀ pé, “Ìyá Tóyìn, kí lo kọ́ níbi iṣẹ́ lónìí?” Mo ní ẹsẹ̀ ni mo wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Ọ̀gá gbé bàtà kan tó bá ẹsẹ̀ mi mu síwájú mi. “Wear am.”

“Oga, me? I don born three.”

“Shoe no ask you how many you born. Wear am.”

Mo wọ̀ ọ́. Mo di igi ara ògiri mú, mo dìde lórí ìka mi. Ojú mi rí màbo. Ìrora náà gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ eékún, ó gba eékún dé ẹ̀yìn ọrùn, mo sì jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ọ̀gá kò bá mi kẹ́dùn. Ó ní kí n fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó dùn mí jù. Mo tọ́ka sí i. “Good,” ó ní, “na there your hand go dey careful from today.” Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọ̀gá le, ẹ jọ̀ọ́, ó le ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Bó bá rí i pé aṣọ ká pọ̀ níbi kan nínú bàtà tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, kò ní sọ̀rọ̀. Á jù ú sínú korobá omi, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò fẹ́ràn ìbéèrè pẹ̀lú. Bí mo bá bi í pé kí ló dé tí a fi ń ṣe báyìí, èsì rẹ̀ kan náà ni: “Your eye no dey?” Mo wá jáwọ́ nínú ìbéèrè. Bí àpẹẹrẹ, òun fúnra rẹ̀ ló ń se gọ́ọ̀mù lórí sítóòfù nínú ọgbà. Bó bá ti ń ki, á fún omi ewé dóńgóyárò sínú rẹ̀. Ó ń rùn, ó sì ń yọ àwọ̀ ewé sára sátínì. Mo rò pé àṣà wọn ní Aba ni. Mi ò béèrè.

Láàárín àkókò yìí ni Belema dé, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Eliozu ni wọ́n ń gbé, ìyá rẹ̀ ń ta ẹja gbígbẹ. Madam rí i níbi ayẹyẹ ilé ìwé kan, ó sì bẹ ìyá rẹ̀ títí ó fi gbà. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá kọ́kọ́ rí i lórí ìka ẹsẹ̀, ó bọ́ fìlà rẹ̀. N kò rí i kó bọ́ fìlà fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan pásítọ̀. Ó rọra sọ fún mi pé, “This one, God take time.” Àwọn ọmọ yòókù ń jó, ẹ ó sì rí i pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ọmọ yìí bá ti gbéra, ẹ ó gbàgbé pé iṣẹ́ ni. Mo máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì ti fi gún ara mi láìmọye ìgbà nítorí pé mo ń wò ó.

Nígbà tó pé ọdún méjìdínlógún, Madam fún un ní ipò iwájú nínú ijó ńlá àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀ ṣe, nípa àwọn obìnrin apẹja. Ìlú ti gbọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ti tán. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n jó o ni Ọ̀gá lọ sí Aba lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kí n ṣe bàtà tó kù, kí n sì ṣe é bí òun ṣe ń ṣe é.

Mo ti lo ọdún mẹ́jọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ: ọdún kẹjọ lẹ́nu iṣẹ́ léwu ju ọdún kìíní lọ. Lọ́dún kìíní, èèyàn mọ̀ pé òun ò mọ̀. Dóńgóyárò ti sú mi. Mo lọ sí Oil Mill Market, mo ra sítáàṣì gbágùúdá, irú èyí tí àwọn ará Delta ń fi ọbẹ̀ banga jẹ. Mo sè é láìfi ewé kankan sí i. Ó funfun báláú, kò rùn, nígbà tó sì gbẹ, ó le ju ti Ọ̀gá lọ. Madam fi àtàǹpàkò tẹ orí bàtà náà, ó ní, “Aunty Fọlá, this one fine o.” Orí mi wú. Mo kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo tì í, mo sì ń ro bí ojú Ọ̀gá yóò ṣe rí nígbà tó bá dé.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n jó o. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Belema ti jó fún bí ìdajì wákàtí, mo sì ń sọ fún ara mi pé bàtà mi ló ń ṣe gbogbo èyí. Ó wá dé ibi tí yóò ti yípo lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí èèyàn tẹ ìgbín mọ́lẹ̀. Orí bàtà náà wọlé. Ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ náà yí sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ṣubú. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara ijó ni.

Egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì. Lọ́jọ́ kejì Ọ̀gá dé láti Aba, kò tilẹ̀ bọ́ aṣọ ìrìn àjò. Ó fi ọ̀bẹ la bàtà náà níwájú Madam àti èmi. Sátínì òde kò ní àléébù kankan. Inú rẹ̀ ṣófo. Aáyán ti gba ẹnu bàtà wọlé nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ti jẹ sítáàṣì náà tán láàárín aṣọ àti bébà, ìgbẹ́ wọn ló kù síbẹ̀. Ọ̀gá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Where dóńgóyárò?” Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí ewé kíkorò náà ń ṣe láti ọdún mẹ́jọ.

Madam ní kí n máa lọ. Mo ti ń kó abẹ́rẹ́ mi. Ọ̀gá ló dá sí i. “If you drive am, we go train another person wey never see this kind thing. This one don see.” Madam wò mí, ó sì jáde. Bí mo ṣe dúró nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kan náà, Ọ̀gá pè mí, ó jókòó, ó sì sọ ìdí gbogbo nǹkan tí a ń ṣe nínú iṣẹ́ náà fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹ̀bi òun náà wà níbẹ̀. Mo sunkún ju bí mo ṣe sun ún lọ́jọ́ ìṣubú.

Mo lọ bẹ Belema nílé wọn ní Eliozu. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí. Ó fà mí dìde. Ó ní, “Aunty, I don forgive you. Na my leg never gree.” Ó gba ọdún kan àti àbọ̀ kó tó tún dúró lórí ìka. Nígbà tó padà dé, ó sọ fún Madam pé bàtà Ọ̀gá nìkan ni òun yóò máa wọ̀. Bó ṣe sọ ọ́ kò lágídí. Ó ń kí mi, ó ń bá mi ṣeré, ó ń jẹ nínú oúnjẹ mi. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá bá ẹlòmíràn so okùn bàtà, á wo ọwọ́ mi, á sì wo ibòmíràn. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ láyé iṣẹ́ mi ni kí ẹsẹ̀ yẹn tún gbà mí.

Ayé ń yí lọ ní gbogbo àkókò náà. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń jí èèyàn gbé nílùú, àwọn tíṣà òkè òkun tó ń bá wa ṣiṣẹ́ sì padà sílé wọn lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn èèyàn ní ẹgbẹ́ náà ti parí. Madam Ibiso kó wa kúrò ní D-Line lọ sí ilé ìkẹ́rù kan lẹ́bàá East-West Road, ó sì sọ àwọn oníjó wa di tíṣà. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti wá di ńlá.

Irinṣẹ́ náà yí padà. Àpótí pákó tí a gbé gílóòbù sí nínú la fi ń gbẹ bàtà níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà a lo ààrò kẹrosíìnì, èyí tó jó irun iwájú orí mi lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn rẹ̀ a ra ààrò oníná, jẹnẹrétọ̀ sì ń bá a ké. Wọ́n ti ń ṣe bàtà onírọ́bà lókè òkun báyìí, tí kì í tètè kú. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ó dára, n kò bá a jà. Ó kàn jẹ́ pé owó ẹyọ kan rẹ̀ tó ra ewúrẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ èédú dúdú tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti ojú sánmà lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, tó ń bo fèrèsé àti aṣọ táa bá sá. A sá ogójì bàtà aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sórí òrùlé lárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, wọ́n ti dà bí ìdí ìkòkò. Mo ń ké. Madam gbé ọ̀kan, ó sì fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá Belema. Ó ní, “Dye everything brown. Make e be like una skin.” A pa gbogbo rẹ̀ láró ní àwọ̀ ara àwọn ọmọ náà, ti oníkálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde sórí ìtàgé, a ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ parí sí tí bàtà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ wọn kàn ń gùn lọ títí dé ilẹ̀. Ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sọ pé, “Jesus, see leg,” léraléra, bí ẹni ń gbàdúrà. Látọjọ́ náà la ò ti padà sí àwọ̀ àtijọ́ mọ́.

Belema ṣègbéyàwó, ó bímọ, ó sì padà sẹ́nu ijó. Ìgbà tó padà yẹn ni ọwọ́ Ọ̀gá Nnanna bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ti dàgbà. Mo ń rí i bó ṣe ń gbìyànjú láti fi okùn sí abẹ́rẹ́, á jù ú sílẹ̀, á tún gbé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, “From today, na you go dey make Belema own. I go put my mark.” Gbogbo ẹni tó ń ṣe bàtà pọ́ìntì ló ní àmì lábẹ́ bàtà rẹ̀, kí oníjó lè mọ ọwọ́ tó ṣe é. Ihò ìṣó mẹ́ta ni ti Ọ̀gá.

Mo ní, “Oga, that one na lie.”

Ó ní, “If I tell am say my hand don finish, she go stop. You want make she stop?”

N kò fẹ́ kó dúró. Kò sí ẹni tó ti rí i lórí ìtàgé tó lè fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Ẹsẹ̀ onígi tí Ọ̀gá ti gbẹ́ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tó padà lẹ́yìn ìṣubú la fi ń ṣe bàtà náà, nítorí èmi kò lè sọ pé kó wá kí n wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ń fi dóńgóyárò sí gọ́ọ̀mù bí ẹni ń fi májèlé sí i. Mo ń yẹ bàtà náà wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọ̀gá á lu ihò mẹ́ta rẹ̀ sí i, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún Belema, èmi á sì tẹrí ba sídìí ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́rin la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń jó lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá, inú mi ń dùn, ara sì ń tì mí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ọ̀gá kú sí Aba lọ́dún tó ṣáájú ayẹyẹ ọdún karùndínlọ́gbọ̀n ẹgbẹ́ wa. Gbogbo wa la lọ sin ín. Nígbà tí ayẹyẹ náà ku ọ̀sẹ̀ kan, Belema wọ yàrá bàtà wá láàárọ̀. Òun ló máa jó ijó ńlá náà, ó sì ti ní òun yóò fi ipò iwájú sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

“Aunty, Oga shoe remain how many?”

Ìṣó Ọ̀gá wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo lè sọ pé ó ku mẹ́wàá, kí n lọ ṣe mẹ́wàá. Mo lè máa ṣe é títí n ó fi kú, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Mo sì fẹ́ ṣe é, n kò ní purọ́ fún yín. Ẹnu mi ti là láti sọ ọ́.

“E no remain,” mo wí. “Belema, e don tey wey e finish. Since you born come back, Oga hand no fit hold needle. Na him mark, but na me sew am. Everything.”

Ó bi mí pé ṣé èyí tí òun fi jó ní Abuja náà ni. Mo ní èmi ni. Ó ní èyí tí òun fi jó lọ́jọ́ tí ìyá òun wá wo òun ńkọ́? Mo ní èmi ni. Mo ń dúró de ohun tó máa tẹ̀lé e. Ó jókòó sórí àpótí, ó sì fọwọ́ bojú.

“So na you,” ó wí. “Aunty, you know say that shoe dey kill me?”

Mo dìde nídìí ẹ̀rọ.

“Since I born, my leg don wide. Four years, the thing dey press me, nail don comot for two toe. I see as Oga hand dey shake. I say if I talk, the old man go think say I dey drive am comot for work. So I dey tie plaster, I dey keep quiet.”

Mo ní, “Why you no tell me?” Ìbéèrè òmùgọ̀ ni.

“How I go tell you? No be you dey hide?”

Mo sọ fún un pé mi ò lè wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, pé bí mo bá wọ̀n ọ́n, ó máa mọ̀. Ó gbé ojú rẹ̀ sókè wò mí. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin yẹ bàtà kan náà wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nítorí kí n má baà tún pa á lára, èmi náà ni mo fi ọdún mẹ́rin pa á lára. Òun pẹ̀lú ń fara da á nítorí ọlá àgbà. Oníjó tí gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún, tí mo rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa ẹsẹ̀ rẹ̀, orí ìrora ló ti ń dìde ní gbogbo ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ kò fi í hàn rí. N kò mọ irú èèyàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. N kò tíì mọ̀ ọ́n títí di òní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́, n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ wá rán bàtà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iṣẹ́ yòówù kí ẹ ṣe, ẹnì kan wà ní ìparí rẹ̀ tó ń gbé ara rẹ̀ lé e. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni náà bí ó ti rí fún un. Ẹ má ṣe bẹ̀rù rẹ̀ débi tí ẹ kò ní lè béèrè.

Belema bọ́ sílípáàsì rẹ̀. Ó tú báńdéèjì tó wà ní ìka rẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́ kí n jókòó, ó sì gbé ẹsẹ̀ náà lé mi lórí itan, ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tó ṣẹ́. Mo rí àpá ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. N kò fọwọ́ kàn án rí láti ọdún náà. Ó gbóná, ó sì wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

“Oya, measure am,” ó wí. “Measure am well, show na Saturday.”

Mo mú téèpù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n, nítorí omi ojú kò jẹ́ kí n rí nọ́ńbà ti àkọ́kọ́.